IKỌ́ FÉE TÓ SÙN, KÒ TÍÌ KÚ: Ẹ MÁ JU INHALER YÍN NÙ TORÍ Ẹ̀RÍ

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni, ẹ̀mí ò sì láàrọ̀.

Ọ̀rọ̀ ikọ́ fée ni, èyí tí ọ̀pọ̀ yín ń pè ní asthma. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: bí a bá gbàdúrà fún ọ lórí ikọ́ fée, má ju inhaler rẹ nù. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ, ìbáà ṣe pásítọ̀, ìbáà ṣe wòlíì, ìbáà ṣe ìyá ìjọ. Gbé e sínú báàgì rẹ, kí o sì gbé e wá sílé Ọlọ́run pẹ̀lú Bíbélì rẹ.

A mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ lọ́kàn pé, "Ṣé àwọn pásítọ̀ wa ò gbàgbọ́ nínú ìwòsàn mọ́ ni?" A gbàgbọ́ o. A ń gbé ọwọ́ lé aláìsàn, a ń fi òróró yàn wọ́n, a sì ti rí iṣẹ́ ọwọ́ Olúwa. Ìdí tí a fi ń sọ̀rọ̀ yìí gan-an nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

KÍ LÓ Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ÀYÀ?

Nínú ẹ̀dọ̀fóró wa, àwọn ọ̀nà tóóró kan wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tó sì ń gbà jáde. Nínú ẹni tó ní ikọ́ fée, inú àwọn ọ̀nà yìí a máa wú, kódà lọ́jọ́ tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Bí eruku, èéfín, òtútù tàbí ọ̀fìnkìn bá wá kàn án, nǹkan mẹ́ta á ṣẹlẹ̀ pa pọ̀. Iṣan tó yí àwọn ọ̀nà náà ká á fún mọ́ra. Inú wọn á tún wú sí i. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á wá dí ìwọ̀nba àyè tó ṣẹ́ kù. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe ń rí, ẹ fi imú dí, kí ẹ gbìyànjú láti máa fi strọ́ọ̀ kan ṣoṣo mí fún ìṣẹ́jú kan. Afẹ́fẹ́ a máa ṣòro láti jáde ju bó ṣe wọlé lọ, òun ló fà á tí àyà wọn fi ń súfèé fìì, fìì.

Àìsàn yìí kì í ràn. Ẹ lè jọ jẹun nínú abọ́ kan náà, ẹ lè jọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Ó máa ń rìn nínú ẹbí lóòótọ́, àmọ́ èyí kò sọ pé gbogbo ọmọ inú ilé náà ló máa ní in. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ká tó sọ pé ìyá bàbá ọmọ ló fi ṣe é láti abúlé, ẹ kọ́kọ́ wo kọ́ìlì ẹ̀fọn tó ń jó lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà. Ẹ wo jẹnẹrétọ̀ tó wà lábẹ́ fèrèsé. Ẹ wo àwọn aáyán inú kọ́bọ́ọ̀dù, àti èéfín igi ìdáná tó ń wọ yàrá. Àgbàlagbà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ti gba orúkọ àjẹ́ nítorí ohun tí kọ́ìlì ẹ̀fọn ṣe.

Kì í sì í ṣe àìsàn kékeré. Àjọ WHO sọ pé ní 2019 nìkan, èèyàn mílíọ̀nù 262 ló ní in káàkiri ayé, ó sì pa èèyàn 455,000. Àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀, irú tiwa, ni èyí tó pọ̀ jù nínú ikú yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn kì í ti í mọ ohun tó ń ṣe wọ́n lásìkò, ibẹ̀ ni oògùn sì ti ń wọ́n.

ÀÌSÀN TÓ MỌ ẸJỌ́ JẸ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, ẹ̀yin ará. Bí egbò bá san, ojú á rí i. Bí arọ bá dìde rìn, gbogbo ìjọ á rí i. Ikọ́ fée kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń wá, ó sì ń lọ. Ó lè dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lè dákẹ́ fún oṣù mẹ́fà, ó tilẹ̀ lè dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó tún gbé orí. Bí iná tó wà lábẹ́ eérú ló rí: ẹni tó bá wò ó lókè á ní ó ti kú.

Ẹ wá gbé èyí wá sínú ìsọjí wa. Ká sọ pé oṣù kẹta ni a gbàdúrà fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ pé ọyẹ́ ló máa ń jí tirẹ̀. Ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ ti pa eruku. Ara rẹ̀ balẹ̀, ó ń mí dáadáa. Ní oṣù kẹrin, ó gun orí pẹpẹ, ó jẹ́rìí, ìjọ pariwo Halelúyà, inhaler wọ inú ìdọ̀tí. Oṣù márùn-ún, oṣù mẹ́fà kọjá, alááfíà ni. Ọyẹ́ wá padà dé ní oṣù kejìlá. Aago méjì òru, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í fún. Kò sí oògùn nílé, gbogbo kẹ́míìsì ti tì.

Èyí tó wá burú jù ni ìtìjú. Àyà náà á ti máa fún un díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú òru yẹn, àmọ́ ta ló fẹ́ sọ fún? Ó ti jẹ́rìí. Bó bá tún lọ ra inhaler, wọ́n á ní ó ti sọ ìwòsàn rẹ̀ nù, wọ́n á ní ó ti ṣíyèméjì, wọ́n á ní ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí kò jẹ́wọ́. Nítorí náà, ó dákẹ́. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀rí tó yẹ kó jẹ́ ayọ̀ fún un ti di ẹ̀wọ̀n.

Àwa tí a di máíkì mú lórí pẹpẹ la ní ẹrù iṣẹ́ yìí lọ́rùn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nínú gbogbo àìsàn, ikọ́ fée wà lára èyí tó rọrùn jù láti fi jẹ́ ẹ̀rí tí kò tíì pọ́n, torí dídákẹ́ rẹ̀ jọ ìwòsàn. A kò gbọdọ̀ kánjú.

KÍ NI ÌWÉ MÍMỌ́ FI HÀN WÁ?

Nígbà tí Olúwa wa wo àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá sàn, ó rán wọn lọ fi ara wọn han àwọn àlùfáà. Àwọn àlùfáà ìgbà náà ló ń yẹ awọ ara wò. Bí ẹ bá sì ka Léfítíkù orí 13, ẹ ó rí i pé àlùfáà kì í wo ẹni tí wọ́n fura sí lẹ́ẹ̀kan kó sọ pé ó parí. Yóò yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ méje, yóò tún un wò. Bí kò bá tíì dá a lójú, ọjọ́ méje mìíràn. Òfin Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n dúró, kí wọ́n tún un wò. Ìwòsàn tó ti ọwọ́ Ọlọ́run wá kò bẹ̀rù àyẹ̀wò.

Hesekáyà ọba náà ńkọ́? Ọlọ́run gbọ́ àdúrà rẹ̀, ó fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Síbẹ̀, wòlíì Aísáyà ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, wọ́n fi lé ojú oówo ọba. Pọ́ọ̀lù tí aṣọ ara rẹ̀ ń wo aláìsàn sàn ní Éfésù, òun náà ló gba Tímótì nímọ̀ràn nípa ohun tí yóò máa mu díẹ̀ nítorí inú rẹ̀ àti àìlera tó ń ṣe é lemọ́lemọ́. Kò sọ fún Tímótì pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Lúùkù tó bá a rìnrìn àjò, oníṣègùn ni. Bí Pọ́ọ̀lù ò bá lé oníṣègùn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ta ni àwa?

Nítorí náà, ohun tí a rò pé ó yẹ kí gbogbo ìjọ máa ṣe nìyí. Ẹni tí a gbàdúrà fún lórí ikọ́ fée, kó máa lo oògùn rẹ̀ lọ. Bó bá rí i pé ara òun ti yàtọ̀, kó dúpẹ́, kó padà sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà á yẹ àyà rẹ̀ wò, á ní kó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀rọ tó ń wọn agbára èémí, á sì dín oògùn rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ bó bá tọ́. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ kan wà tí tiwọn máa ń lọ bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Òótọ́ sì ni pé ó lè padà dé lágbà. Nítorí náà, kódà lẹ́yìn ẹ̀rí, kí inhaler wà nílé. Noa ò tú ọkọ̀ rẹ̀ palẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò dá.

"INHALER LÓ Ń PA WỌ́N"

Ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. Wọ́n ní, "Inhaler ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tó kú, òun ló pa á." Bí ilé bá jó, tí a bá garawa omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ṣé omi ló jó ilé ni? Òun lẹni náà dì mú gbẹ̀yìn, torí ó ń wá èémí.

Àmọ́ nǹkan kan wà níbẹ̀ tó yẹ ká mọ̀. Oríṣi inhaler méjì ló wọ́pọ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀, tó sábà máa ń jẹ́ aláwọ̀ búlúù, tí oògùn salbutamol wà nínú rẹ̀, a máa tú iṣan tó fún mọ́ra láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Agbára rẹ̀ a máa tó nǹkan bí wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Kì í wo wíwú tó wà nínú. Èkejì ni èyí tó ń wo wíwú náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n sábà máa ń fà á, bí ara tilẹ̀ dá. Kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó lè gba ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa, aláwọ̀ búlúù nìkan ni wọ́n mọ̀. Wọ́n á máa fọ́n ọn, á máa rọ̀ wọ́n lọ́rùn, inú á sì máa wú lọ lábẹ́lẹ̀. Láti 2019 ni GINA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ikọ́ fée lágbàáyé, ti ní kí àgbàlagbà àti ọ̀dọ́ má fi aláwọ̀ búlúù nìkan wo ikọ́ fée mọ́. Bí ìwọ bá ń nílò rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, ara rẹ ń ké pè ọ́ ni. Lọ rí dókítà, kí o bi í léèrè nípa èyí tó ń dènà.

Ẹ jẹ́ ká tún sọ èyí. Ní 1955, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 13 kan wà ní Amẹ́ríkà, ikọ́ fée ń dà á láàmú. Bàbá rẹ̀ ni olórí ilé iṣẹ́ oògùn kan. Ó bi bàbá rẹ̀ pé kí ló dé tí wọn ò lè fi oògùn òun sínú agolo tí wọ́n ń fọ́n, bíi ti ohun tí àwọn obìnrin ń fọ́n sí irun. Bàbá gbé ìbéèrè náà lọ síbi iṣẹ́. Ní 1956, inhaler àkọ́kọ́ tó rí bí èyí tí a mọ̀ lónìí jáde. Ẹnu ọmọdé ni Ọlọ́run gbà rán ìrànlọ́wọ́ sí mílíọ̀nù èèyàn. Àwa wá ń pe ohun náà ní àmì àìnígbàgbọ́?

OHUN TÓ YẸ KÍ ÌJỌ ṢE

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbálẹ̀ ilé Ọlọ́run, Olúwa á san yín lẹ́san. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbálẹ̀ gbígbẹ ní àárọ̀ Sunday kí àwọn ọmọ tó wọlé. Ẹ ṣe é ní ọjọ́ Saturday, kí ẹ sì fi aṣọ tútù nu ilẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó wà lórí pẹpẹ, ilé eruku ni. Jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé yàrá àwọn ọmọdé. Ẹ̀rọ tí àwọn ọ̀dọ́ ń lò láti fi tú èéfín jáde nígbà orin, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ògo Ọlọ́run kò nílò rẹ̀. Ẹ̀yin arábìnrin àti arákùnrin tí lọ́fíńdà yín máa ń ṣáájú yín wọlé, ẹ ṣàánú ẹni tí ẹ jókòó tì.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀: fífa inhaler kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Oògùn tí o ń fà sínú àyà kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ má fi ààwẹ̀ ọjọ́ 21 dá èyí tó ń dènà dúró. Bí ẹ bá ń lọ ìṣọ́ òru tàbí àgọ́, ẹ mú inhaler àti aṣọ òtútù dání. Bí orí bá ń fọ́ yín, ẹ sọ fún oníkẹ́míìsì pé ẹ ní ikọ́ fée kó tó fún yín ní oògùn, torí aspirin àti ibuprofen máa ń jí ti àwọn kan.

Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ fún olùkọ́ ọmọ yín nílé ìwé, kí ẹ sì sọ fún olùkọ́ Sunday school. Ẹ má fi pa mọ́ nítorí pé wọn ò ní fẹ́ ẹ níyàwó lọ́la. Ẹ̀yin tí ẹ ń fẹ́ra sọ́nà, ẹ sọ òótọ́ fún ara yín. Ẹni tí yóò sá lọ nítorí inhaler, jẹ́ kó tètè sá. Paula Radcliffe, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ikọ́ fée láti kékeré. Ó ń lo inhaler rẹ̀, ó sì sáré eré Marathon ní 2003 ní wákàtí méjì, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú àáyá 25. Kò sí obìnrin tó sáré jù ú lọ títí di 2019.

BÓ BÁ DÌDE NÍNÚ ÌSÌN

Ẹ̀yin úṣà, tiyín nìyí. Bí èémí ẹnì kan bá ń há nínú ìsìn, ẹ má pé lé e lórí. Ẹ má dà á dùbúlẹ̀. Ẹ má bu omi lù ú, ẹ má fi tipátipá fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì mu. Ẹ gbé e jókòó ṣánṣán, kó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé.

Ẹ wá inhaler aláwọ̀ búlúù. Ẹ gbọ̀n ọ́n. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn èèyàn ní Australia rọrùn láti rántí, torí gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ fọ́n ọn fún un lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni o, kó mí nígbà mẹ́rin lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan bó bá ń fi ike fà á. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Bí kò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹ tún fọ́n mẹ́rin. Bí kò bá tún rọ̀ ọ́, ọkọ̀ ló kàn, ẹ máa lọ sí ọsibítù, ẹ sì máa fọ́n ọn fún un bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ike wo la ń sọ? Wọ́n ń tà á, spacer ni wọ́n ń pè é, ó ń jẹ́ kí oògùn dé inú àyà dípò kó lẹ̀ mọ́ ọ̀fun. Bí kò bá sí owó rẹ̀, àwọn dókítà ní South Africa ti dán ike omi tó gba 500ml wò fún àwọn ọmọdé, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1999. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa bíi ti olówó ńlá. Ẹ gbẹ́ ihò sí ìdí ike náà, kí ẹnu inhaler wọ̀ ọ́ ṣinṣin, kí ọmọ fi ẹnu ike mí. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì kan fi hàn yín.

Ẹ má dúró rárá bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí: kò lè sọ gbólóhùn kan parí, ètè rẹ̀ ń dúdú bí aró tàbí ó ń ṣì, awọ àárín ìhà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, oorun ń gbé e. Bí àyà tó ń súfèé bá sì dákẹ́ lójijì, tí ẹni náà ṣì ń jà fún èémí, ewu ńlá ni. Ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ò wọlé mọ́ nìyẹn. Ẹ má pariwo Halelúyà. Ẹ gbé e lọ. Ẹ máa gbàdúrà nínú ọkọ̀, Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà lójú títì.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ

A ò gbàgbé pé oògùn ti wọ́n. Ní oṣù kẹjọ 2023, ilé iṣẹ́ GSK kéde pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà, láti ìgbà náà ni ẹni tó ń ra Ventolin ti mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Àwọn kan ń fọ́n ẹ̀ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mejì kó lè pẹ́. Àwọn kan ti fi èyí tó ń dènà sílẹ̀ pátápátá.

Ìmọ̀ràn wa fún gbogbo ìjọ, ńlá àti kékeré: kí a tó dá owó aṣọ ẹgbẹ́ fún àjọ̀dún tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká yọ owó inhaler méjì àti spacer kan sọ́tọ̀. Kí wọ́n wà nínú àpótí ìtọ́jú, kí àwọn úṣà mọ ibi tó wà, kí ẹnì kan máa yẹ ọjọ́ tí wọ́n á bàjẹ́ wò. Lẹ́yìn náà, kí àpò àánú ran opó tí ọmọ rẹ̀ ní ikọ́ fée lọ́wọ́ lóṣooṣù. Àánú tó ṣeé fọwọ́ kàn nìyẹn.

Ìwọ tí o ti jẹ́rìí rí, tí àyà sì tún ń fún ọ ní kọ̀rọ̀, ìwọ gan-an la kọ èyí fún. O ò ṣẹ Ọlọ́run. O ò sọ nǹkan kan nù. Lọ ra oògùn rẹ lónìí, kí o wá bá wa, a ó tún jọ gbàdúrà. Kò sẹ́ni tí yóò dá ọ lẹ́jọ́.

Olúwa, Ìwọ tí o mí èémí ìyè sí ihò imú Ádámù, pa èémí àwọn ọmọ rẹ mọ́ nínú ọyẹ́ àti nínú òjò. Fún àwọn dókítà wa ní ọgbọ́n, fún àwa ìránṣẹ́ rẹ ní sùúrù. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ úṣà, ẹgbẹ́ ìyá àti àwọn olùkọ́ ọmọdé ní ìjọ yín. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀.